Ìyá Ipata àti Ọwọ́ Tí Kò Tó Etí

Bí o bá kí ìyá ìyá mi pé, "Ẹ kú àárọ̀, Ìyá," yóò kọ́kọ́ gbójú sókè wo oòrùn kí ó tó dá ọ lóhùn. Bí oòrùn bá ti ga díẹ̀, yóò ní, "Àárọ̀ wo? Ọ̀sán ti wà lọ́nà." Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, yóò mi orí bí ẹni tí ẹ̀rí tẹ́ lọ́rùn, yóò wá sọ pé, "Òótọ́ lo sọ. Ṣé o jí dáadáa?" Ní agboolé wa ní Gàmbàrí ní Ìlọrin, àwọn ọmọdé a máa dúró ní ẹnu ọ̀nà wo ojú ọ̀run kí wọ́n tó wọlé kí i. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í léèrè ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá ń gba ìkíni láìyẹ̀ ẹ́ wò, yóò gba ọkà tó ti ní kòkòrò."

Àlímátù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Ipata ni gbogbo wa ń pè é, nítorí pé ọjà Ipata ni ó ti ń ta ọkà bàbà, jéró àti ẹ̀wà láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ìyá mi títí di ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé múdù mọ́. Múdù ni abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọkà fún oníbàárà. Tirẹ̀ ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́lẹ́ bí ewé. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí Ìyá ti lọ. Èmi náà ti kọjá àádọ́rin ọdún, mo ti di ẹni tí wọ́n ń dìde fún nínú ọkọ̀. N kò lè kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọdún tí wọ́n bí òun. Bí a bá bi í, yóò ní, "Mo wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n n kò fetí sílẹ̀." Àwọn nǹkan kéékèèké tó ṣẹ́kù sí mi lọ́kàn ni mo lè kọ, pàápàá èyí tó kan àkọ́bí mi, Bàsírátù, tí à ń pè ní Bàsírà. Ọmọ yìí ni ẹnì kan ṣoṣo tí èmi àti Ìyá Ipata jọ fi ń yangàn láìjà.

Ìyá kì í fún ọmọdé ní nǹkan láìbéèrè ìdí. Bí o bá ní kí ó fún ọ ní ẹ̀pà, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Nítorí kí ni?" Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti dàgbà, mo sì jẹ ìyà ìbéèrè yìí dáadáa. Mo máa ń dáhùn pé, "Nítorí pé ebi ń pa mí." Yóò nawọ́ sí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi dóńgóyárò, yóò ní, "Ebi ń pa ìyẹn náà, n kò sì fún un." Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni ewúrẹ́ yẹn fi ń borí mi. Nígbà mìíràn mo máa ń bú sẹ́kún. Kì í gba ẹkún. Ó ní ẹkún kì í ṣe ìdí, omi ni.

Nígbà tí mo di baba, mo mú Bàsírà wá kí i láti Basin tí à ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Ó ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní ẹ̀pà."

Ìyá ní, "Nítorí kí ni?"

"Ebi ń pa mí."

Mo ti mọ ohun tó kàn. Ìyá nawọ́ sí ìdí dóńgóyárò. Ewúrẹ́ mìíràn ló wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe. Ó ní, "Ebi ń pa ìyẹn náà."

Bàsírà wo ewúrẹ́ náà títí. Ewúrẹ́ náà wò ó. Ọmọ náà wá yíjú padà, ó ní, "Ṣùgbọ́n òun ò tọrọ."

Ìyá Ipata fa abọ́ ẹ̀pà mọ́ra. Ó bu ẹ̀pà kún ọwọ́ Bàsírà méjèèjì, ó tún bu sí etí aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Jímọ̀, ọdún mẹ́ta ni ìwọ fi sunkún nídìí ọ̀rọ̀ yìí o."

Kò ṣe é bá sọ̀rọ̀ nípa ìwé tí mo kà. Nígbà tí mo ti yunifásítì dé, gbogbo agboolé péjọ láti wá wo ẹni tó kàwé jáde. Ìyá bi mí ní gbangba pé kí ni mo lọ kọ́. Mo ní ẹ̀kọ́ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, àti bí èrò rẹ̀ ṣe ń dàgbà.

Ó ní, "Ìwọ fúnra rẹ, o kò ṣe ọmọdé rí ni?"

Mo ní, "Mo ṣe é, Ìyá. Mo ti gbàgbé ni."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́run yóò san án fún àwọn tó rán ọ létí."

Ní òpin àwọn ọdún 1980, ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí mo ń kọ́ wọn ni ìdánwò kan tí àwọn òyìnbó fi ń mọ ibi tí èrò ọmọdé dé. Wọn yóò bu omi sínú ife méjì tó rí bákan náà, wọn yóò bi ọmọ náà bóyá ó dọ́gba. Bí ó bá ti ní ó dọ́gba, wọn yóò da omi inú ife kan sínú ìgò gígùn tó tín-ín-rín, wọn yóò tún béèrè èyí tó pọ̀ jù. Ọmọ kékeré yóò ní ti inú ìgò ló pọ̀ jù nítorí pé ó ga. Bí ó bá dàgbà díẹ̀ sí i ni yóò tó mọ̀ pé omi kan náà ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ṣe ìdánwò yìí fún Bàsírà ní àgbàlá Ìyá Ipata. Mo da omi sínú ìgò, mo bi í léèrè. Ó fi ìka kan ìgò, ó ní, "Èyí ló pọ̀ jù!" Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pàtẹ́wọ́, mo sì yọ ìwé pélébé kan jáde lápò, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá, tó ń fẹ́ ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, dá ọwọ́ dúró. "Ṣé ó gbà á ni?"

"Rárá o, Ìyá. Ó ṣì í."

"Ọmọ rẹ ṣì í, o wá ń pàtẹ́wọ́?"

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rin gbọ́dọ̀ ṣì í. Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Àsìtàgàfúrù!" Ìyá jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú atẹ ọkà lọ́wọ́. Ó ní òun kò tíì rí bàbá tó ń dúpẹ́ nítorí àṣìṣe. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọdé. Bí òun bá da múdù ẹ̀wà kan sínú agolo gíga, tí òun da múdù kan sínú abọ́ fífẹ̀, àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n yóò dúró síwájú ìsọ̀ òun, yóò máa yan èyí tó pọ̀ jù. Ó ti ń rí i láti ọjọ́ tó ti dé Ipata. Ó ní, "Ká ní àwọn òyìnbó yẹn wá sọ́dọ̀ mi ni, wọn ì bá má da omi nù."

Nígbà tí ọdún yípo, mo tún ṣe ìdánwò náà. Bàsírà wo ìgò, ó wo ife, ó wò mí bí ẹni pé ó ń káàánú mi. Ó ní, "Dádì, ó dọ́gba. Ẹ ò bù sí i, ẹ ò sì bù kúrò níbẹ̀." Mo sáré jáde nílé láì wọ bàtà. Mo sọ fún ìyá rẹ̀, mo sọ fún ẹni tó ń ta kẹrosín-ìn, mo sọ fún aládùúgbò wa kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìwé pélébé mi ti kún fún ọ̀rọ̀ ọmọ yìí nígbà náà. Ó wá dé ibì kan tó jẹ́ pé, bí aládùúgbò yìí bá ti rí mi pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́, yóò ní òun gbàgbé nǹkan sínú ilé, yóò padà wọlé, kò sì ní jáde mọ́.

Ìyá Ipata bá mi wí. Ó ní, "Jímọ̀, ọkà tí kò dára ni à ń polówó." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, mo bá obìnrin kan tó ra ẹ̀wà, tó sì na abọ́ rẹ̀ fún ènì. Ìyá gbé ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà dání lókè, kò jù ú sílẹ̀. Ó ń ròyìn omi inú ìgò. Obìnrin náà ní, "Ìyá, ẹ ti sọ fún mi lánàá." Ìyá ní, "Ènì òní kọ́ ni mo fún ọ lánàá."

Kí ẹ má rò pé gbogbo ìgbà ni làákàyè ọmọ náà ń dùn mọ́ Ìyá nínú. Bàsírà a máa bá a jókòó ní Ipata bí n kò bá tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ọ̀nà kan wà tí àwọn ọlọ́kà ń gbà wọn ọkà. Wọn yóò dà á sínú múdù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọn yóò kó o ga sókè bí òkè kékeré, wọn kò sì ní mì ín. Ní ọjọ́ kan, níbi tí Ìyá ti ń wọn jéró fún ọkùnrin kan, Bàsírà ní, "Ìyá, bí ẹ bá mì ín, ó máa wọlẹ̀. Ó máa gbà sí i."

Ìyá ní, "Máa jẹ ẹ̀pà rẹ."

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Bàsírà na ọwọ́ kan, ó gbá múdù lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òkè jéró rì. Ojú Ìyá náà rì. Wọ́n fẹ̀rín pa ara wọn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, Ìyá sì ní láti bu jéró kún un níṣojú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí mo dé láti wá mú ọmọ lọ, ó ti di ẹrù rẹ̀ fún un, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Làákàyè tó ń ba ọjà jẹ́, ilé ni kó máa gbé."

Ó fẹ́ràn ìjà, ṣùgbọ́n ìjà tó ní ìdí nínú. Rédíò ni ó ń bá jà jù lọ. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ní òjò yóò rọ̀ ní Ìlọrin, yóò ní, "Ṣé ìwọ ló ń rọ̀ ọ́?" Bí wọ́n bá ní nǹkan yóò dára lọ́dún tó ń bọ̀, yóò ní, "Ohun tí o sọ lọ́dún tó kọjá ńkọ́?" Bàsírà jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó gbọ́ ọ títí, ó wá bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹni inú rédíò ń gbọ́ yín ni?" Ìyá ní, "Kò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń borí rẹ̀."

Bí èrò ọmọ bá sì ti ń dàgbà, irọ́ rẹ̀ náà yóò máa dàgbà. Èyí wà nínú ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, n kò sì mọ̀ pé agboolé wa ni yóò ti ṣẹlẹ̀. Ìyá ra wàrà, ó fi abọ́ bò ó. Nígbà tó padà dé láti ibi tó ti lọ kírun, wàrà kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàsírà ní aláǹgbá ló jẹ ẹ́. Ìyá ní, "Aláǹgbá wo ló ń fi aṣọ tìrẹ nu ẹnu?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wàrà tún pòórá. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ Bàsírà mọ́ tónítóní, ó ti fọ ẹnu rẹ̀. Ó mú Ìyá lọ sí ìdí dóńgóyárò, ó fi ewúrẹ́ hàn án. Ẹyọ wàrà kékeré kan lẹ̀ mọ́ ewúrẹ́ náà ní imú. Mo wà níbẹ̀. Kí n má purọ́, ọkàn mi ń fò fún ayọ̀, ìwé pélébé mi ti wà lọ́wọ́. Ọmọ náà ti mọ̀ pé ẹ̀rí ni Ìyá ń wò, ó sì ti ṣe ẹ̀rí!

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo imú ewúrẹ́. Ó wo okùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi ojú bá okùn náà lọ dé ìdí igi. Ó dìde, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. "Ewúrẹ́ yìí bọ́ nínú okùn, ó ṣílẹ̀kùn, ó ṣí abọ́, ó jẹ wàrà, ó dá abọ́ padà, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó wá padà lọ so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Jímọ̀, òun ni kí o mú lọ sí yunifásítì."

Mo wá dé ibi ọ̀rọ̀ ilé ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú ènìyàn wo ni Ìyá Ipata, ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń sọ.

Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í wo ìwé ọjọ́ ìbí kí wọ́n tó gba ọmọ. Ọmọ náà yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àárín orí kọjá, yóò fi kan etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ó ti tó wọ ilé ìwé. Bí kò bá kàn án, kí ó padà sílé lọ máa ṣeré. Bàsírà gba orí ńlá láti ìdílé ìyá mi, ó gba apá kúkúrú lọ́dọ̀ mi. Nígbà tí mo mú un lọ sí ilé ìwé kan nítòsí wa, ìka rẹ̀ dúró sí òkè etí bí aláǹgbá tí kò lè dé ìsàlẹ̀ ògiri.

Ọ̀gá ilé ìwé náà jẹ́ ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan láti Òmù-Àrán. Ó ní, "Bàbá Bàsírà, ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀." Mo ní ọmọ yìí kì í ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìwé pélébé mi lé e lọ́wọ́. Ó fi sùúrù ka ojú ewé méjì, ó dá a padà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n n kò rí etí níbẹ̀."

Mo mú ọmọ lẹ́yìn, mo lọ ro ẹjọ́ ní Ipata. Mo rò pé Ìyá yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọdún tó ń bọ̀?" Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, "Ọdún tó ń bọ̀?"

Ó yẹ kí n sọ èyí. Ìyá mi ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyá Ipata bí, kò sì rí ilé ìwé wọ̀. Ìdí ìsọ̀ ọkà ni ó ti dàgbà. Ìyá kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti bí Bàsírà ni ó ti ń sọ pé òun fẹ́ fi ojú òun rí aṣọ ilé ìwé lára rẹ̀. Ní ọdún yẹn gan-an, méjì nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ta ọkà láti ìgbà èwe ti kú, ọ̀kan lẹ́yìn ààwẹ̀, èkejì kó tó di Iléyá.

Ìyá fa àpò bo ọkà rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó ṣe rí. Ó kó ẹ̀wà, múdù, agolo gíga kan àti abọ́ fífẹ̀ kan sínú àpò. Ó wé ìborùn rẹ̀ tuntun. Ó ní, "Pe takisí."

Nígbà tí a wọ ọ́fíìsì, ọ̀gá náà dìde, ó ní, "Ẹ káàsán, Màmá." Ìyá yọjú lójú fèrèsé wo oòrùn. "Òótọ́ ni," ló wí. Tíṣà obìnrin kan ń kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó fi ìborùn bo ohun tó ń ṣe. Nígbà tó yíjú padà, ẹ̀wà wà nínú agolo, ẹ̀wà wà nínú abọ́. Ó gbé méjèèjì ka orí tábìlì, lórí àwọn ìwé ìjọba.

"Ọ̀gá, èwo ló pọ̀ jù?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà kọ́ ló wà nílẹ̀."

"Mo mọ̀. Èwo ló pọ̀ jù?"

Ọ̀gá wo agolo, ó wo abọ́. "Ti inú agolo."

Tíṣà obìnrin náà ní, "Rárá, sà. Ti inú abọ́ ni. Ẹ wo bó ṣe fẹ̀."

Ìyá ní, "Bàsírà, ìwọ ńkọ́?"

Mo di ọwọ́ mi méjèèjì. Bàsírà wo ẹ̀wà, ó wo ìborùn tí ìyá ńlá rẹ̀ ti fi bo ohun tó ṣe mọ́ gbogbo wa lójú. Ó ní, "N ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n."

Wọ́n wọ̀n ọ́n. Múdù kan ni ti agolo, múdù kan ni ti abọ́. Ìyá da ẹ̀wà rẹ̀ padà sínú àpò láìkánjú. Ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì tó etí o."

Tíṣà obìnrin náà wolẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní òun kọ́ ló ṣe òfin. Etí ni òfin wí, kì í ṣe ẹ̀wà. Níbi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ náà, Bàsírà fa Ọ̀gá láṣọ. "Ọ̀gá, ṣé ọwọ́ nìkan ló gbọ́dọ̀ rìn?"

"Kí lo wí?"

"Ṣé etí ò lè wá pàdé rẹ̀ lọ́nà ni?"

Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó ti gbé ọwọ́ gba orí kọjá. Ó tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ títí tí etí òsì fi gòkè wá, ìka àárín rẹ̀ sì kàn án. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó wọ́ bí igi tí atẹ́gùn tì. Ó ní, "Wọ́n ti pàdé."

Tíṣà obìnrin náà gbé orí lé tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, "Orí gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán!"

Bàsírà ní, "Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀." Ọ̀gá wò mí kí n bá a dá sí i, ṣùgbọ́n mo ń kọ̀wé lọ́wọ́.

Síbẹ̀, Ọ̀gá kọ̀. Ó ní kí a jọ̀ọ́, kí a mú sùúrù, ọdún kan kò pẹ́. Nígbà náà ni Ìyá Ipata gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga mọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ọdún kan tiyín àti ọdún kan tèmi kò dọ́gba. Ẹ̀yin lè fi tiyín dúró. Èmi ò ní lo ọdún kan mọ́ láyé yìí. Mo fẹ́ rí aṣọ ilé ìwé lára ọmọ yìí kí n tó máa lọ."

Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé àìsàn kan wà tó ń fi pamọ́ fún wa. Ọ̀gá wo Ìyá fún ìgbà pípẹ́. Ó jókòó, ó fa ìwé ńlá kan yọ, ó ṣí bírò. Ó ní, "Kí ni orúkọ ọmọ náà ní kíkún?"

Ọjọ́ tí Bàsírà kọ́kọ́ wọ aṣọ ilé ìwé, ọjọ́ Sátidé ni, kò sì sí ilé ìwé. Ìyá ló ní kí a wọ̀ ọ́ fún un, kí a mú un wá sí Ipata. Ó gbé e jókòó sórí àpò ọkà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Oníbàárà tó bá kọjá láìwò ó, Ìyá yóò pè é padà. Ẹnì kan bi í pé ṣé wọ́n tún ń ta ọmọ náà ni. Ó ní, "Ẹ wò ó ṣáá. N kò ní wọ̀n ọ́n fún ẹnì kankan."

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Bàsírà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. "Ìyá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ ń kú lọ?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá. Ní gbogbo Àtìní tí ọ̀sẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ní ká di ojú, ká gbàdúrà fún Màmá kan tí kò ní pẹ́ lọ mọ́. Ẹ̀yin ni."

Mo dìde pé n ó lọ bá Ọ̀gá ṣàlàyé ní ọjọ́ kejì. Ìyá dá mi dúró. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Jókòó. Àdúà tó ń ṣiṣẹ́, a kì í dá a lẹ́kun."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé àwọn ọmọ ilé ìwé kan, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ń di ojú ní gbogbo Àtìní nítorí Ìyá Ipata. Ọdún kan kọjá. Ọdún kejì kọjá. Ọ̀gá a máa wá ra ẹ̀wà ní Ipata nígbà mìíràn, yóò bá a nídìí ìsọ̀, tó ń bá ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Yóò dúró, yóò ní, "Màmá, ẹ̀yin rèé!" Ní ọdún kẹrin, mo wà níbẹ̀ nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Ẹ ní ẹ ò ní lo ọdún kan." Ìyá ń wọn ẹ̀wà fún un lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ ti gba ọmọ náà. Kí ni mo tún ń kánjú lọ ṣe?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni ó lò lẹ́yìn ọjọ́ tí a lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gá. Ó rí i tí Bàsírà parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó rí i tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ó lọ ní ọ̀sán kan nígbà ọyẹ́, lórí ẹní rẹ̀ ní Gàmbàrí, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí a ń ṣe fídáù, Ọ̀gá wá. Ó ti fẹ̀yìn tì, irun rẹ̀ ti funfun. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn àwọn áfáà. Bàsírà ń gbé omi kiri láàárín àwọn àlejò, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ọ̀gá wò ó, ó wò mí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá Bàsírà, ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi yín. Lọ́jọ́ yẹn, nínú ọ́fíìsì mi, ṣé Màmá mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi?"

Mo sọ fún un pé èmi náà bi í. Nínú takisí ni, bí a ṣe ń padà bọ̀ láti ilé ìwé rẹ̀. Bàsírà ti sùn sí àárín wa, àpò ẹ̀wà wà lẹ́sẹ̀ Ìyá. Mo ní, "Ìyá, ta ló sọ fún yín pé ẹ ò ní lo ọdún kan mọ́?"

Ó ní kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Mo ní, "Ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọlúàbí ènìyàn?"

Ó gbé ojú kúrò lójú títì, ó wò mí bó ṣe máa ń wo ẹni tó kí i ní àárọ̀.

Ó ní, "Jímọ̀, ta ló sọ fún ìwọ pé o máa lò ó?"